Òrùlé Mọ́tò Tó Ń Ká Ara Rẹ̀ Sínú Búùtù: Ohun Tí Ojú Wa Rí Ní Ọjà Igbó

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá kọjá ní Ọjà Igbó, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, kò ní ṣàì rántí mọ́tò pupa kan tó dúró sí àárín ọ̀nà bí ewúrẹ́ olóríkunkun. Ìdérí búùtù rẹ̀ ṣí sókè gbàgà, òrùlé rẹ̀ sì dúró lófuurufú, kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn, ó dà bí ẹnu ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ. Òjò ń rọ̀. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì jókòó nínú rẹ̀ tòun ti ọkọ rẹ̀, àtíkè ojú rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ọrùn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan sáré gbé tapólì wá.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni mo ní kí wọ́n ra mọ́tò náà.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn oníṣòwò ti ń dá mi dúró lọ́nà pé irú ọkọ̀ wo nìyẹn, ta ni ó ronú pé kí irin máa ká bí ẹní, kí ló sì dé tó fi já wa kulẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo ti ń fi ẹ̀rín gbé e lọ. Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, kí n sì sọ èyí tí mo ti kà àti èyí tí mo ti fi ojú ara mi rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń ta aṣọ ní Ọjà Igbó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà nídìí àǹkárá àti léèsì níbẹ̀. Àjọ tí wọ́n ń dá kàn wọ́n, owó náà sì jọ wọ́n lójú. Ọ̀rẹ́ ọkọ wọn kan ló wá sọ fún wọn pé òun rí mọ́tò tòkunbọ̀ kan ní Èkó, ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan, òrùlé rẹ̀ á dìde fúnra rẹ̀, á ká, á sì wọ inú búùtù lọ. Bí ó bá tún tẹ̀ ẹ́, á jáde padà. Ó ní ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní sí Sátidé kan tí wọn kò ní wá háyà rẹ̀ fún ìgbéyàwó. Ìyàwó á jókòó nínú rẹ̀, á máa juwọ́ sí gbogbo ayé, oníkámẹ́rà á máa sáré tẹ̀lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní, "Àkànní, ìwọ lo kàwé nínú gbogbo wa. Ṣé nǹkan tó dára ni?"

Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà kì í fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Mo wo àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ọkọ̀ náà ń dán gbinrin, mo sì dáhùn pé, "Ẹ rà á, ẹ̀gbọ́n mi. Irin ni òrùlé rẹ̀, kì í ṣe aṣọ." Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Òótọ́ ni pé irin sàn ju aṣọ lọ lójú ẹni tí kò tíì rò ó dé ìdí. Àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ tí Òyìnbó ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní òrùlé kankan, bí ọmọlánke ni wọ́n rí. Nígbà tó yá, wọ́n fi aṣọ tó nípọn bo orí wọn, èyí tí wọ́n ń ká sẹ́yìn bí agbòòrùn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ń ṣí, aṣọ ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Aṣọ sì ní ìyọnu tirẹ̀. Oòrùn ilẹ̀ wa a máa sá a títí á fi gbó, ariwo ọ̀nà a máa wọlé, olè sì lè fi abẹ là á kí ẹni tó ni ín tó jáde ní báǹkì.

Ní ìlú tiwa níhìn-ín, àwọn káfíńtà ló kọ́kọ́ bá òrùlé mọ́tò jìjàkadì. Ẹ̀yin àgbà á rántí bọ́lẹ̀kájà. Ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n káfíńtà ilé wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tó ń kan òrùlé sí i, tó ń fi tapólì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ń tú sílẹ̀ bí òjò bá ṣú. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n padà wálé nígbà tí ìjọba Ghana lé àwọn àlejò ní 1969. Bàbá yìí sọ fún mi pé inú irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ ni àwọn kó gbogbo ẹrù àwọn sí. Mo ń ṣàlàyé mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi fún wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ títí. Wọ́n wá ní, "Tapólì kì í dédé bàjẹ́. Bí ó bá fẹ́ ya, o ó ti rí ibi tó ti ń ya." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú òrùlé líle tó ń ká yìí dáadáa ni Ben Ellerbeck, ará Amẹ́ríkà. Ní 1922, ó ṣe ọ̀kan sára mọ́tò Hudson, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tì sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kankan kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa ṣe é tà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Georges Paulin, ará Faransé. Ọkùnrin yìí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, kì í ṣe mẹkáníìkì. Eyín ni ó ń tọ́jú fún àwọn ènìyàn ní ìlú Paris! Yíyàwòrán mọ́tò ni ó gbádùn mọ́ ọn bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀. Ní 1931, ó kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí òrùlé líle kan tí yóò máa yí sẹ́yìn lódindi, tí ìdérí búùtù yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ti wo inú ẹnu ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, tó mọ bí àgbọ̀n ti ń ṣí tó ń padé lórí oríkèé kékeré méjì, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé òun ni irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ sí lọ́kàn.

Oníṣòwò mọ́tò Peugeot kan tó ń jẹ́ Darl'mat gba èrò náà gbọ́, Marcel Pourtout tó ń kan ara mọ́tò sì bá wọn kàn án. Nígbà tó fi di 1934, òrùlé náà ti wà lórí Peugeot 601. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Éclipse, nítorí bí òṣùpá ti ń bo oòrùn tí a kì í rí i mọ́ ni òrùlé náà ṣe ń pòórá. Lẹ́yìn náà ni Peugeot ra ẹ̀tọ́ náà, wọ́n sì ṣe é sára 402, tí iná bátìrì ń gbé e sókè tó ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o: ní 1936, Peugeot fúnra wọn fi iná náà sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí òrùlé máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣí i. Ká ní mo ti ka èyí kí n tó dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn ni!

Paulin kò pẹ́ láyé láti rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ Faransé ní 1940, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣírí tú, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Mont-Valérien ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, 1942, òun àti Jacques Kellner tí òun náà jẹ́ akanmọ́tò. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Àwa tíṣà tí Peugeot 403, 404 àti 504 jẹ́ ọkọ̀ iyì fún lójú àwọn bàbá wa, àwa tí wọ́n ti ń to 504 fún ní Kàdúná láti 1975, mélòó nínú wa ló tíì gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí?

Lẹ́yìn ogun, ó di ọwọ́ Amẹ́ríkà. Ní 1957, Ford gbé Skyliner jáde. Ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ ni, ènìyàn mẹ́fà ń wọ̀ ọ́. Òrùlé rẹ̀ gùn jù fún búùtù, nítorí náà wọ́n fi ínjì sí etí rẹ̀ níwájú kí ibẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣẹ́ wọlé bí etí àpò ìwé kí ó tó wọ ẹ̀yìn lọ. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí: ẹ̀rọ méje tí iná ń yí síwá sẹ́yìn, jáàkì mẹ́rin, súìṣì mẹ́wàá tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé "ó tó, dúró", ibi mẹ́rin tí nǹkan ti ń tì pa, àti wáyà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 610. Bí a bá na wáyà yẹn láti ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, á la gbogbo ìlà àwọn aláṣọ já, á sì kù sílẹ̀. Ní 1957 wọ́n tà 20,766; ní 1958, 14,713; ní 1959, 12,915. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48,394. Ọdún mẹ́ta péré, wọ́n sì pa á tì. Ó wọ́n, ó wúwo, bí òrùlé bá sì ti wọ inú búùtù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ènìyàn lè gbé àpótí sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ọgbọ̀n ọdún. Ní 1989 Toyota ṣe 500 péré sára Soarer, wọ́n tà á ní ilẹ̀ Japan. Ní 1995 Mitsubishi gbé tirẹ̀ jáde. Mercedes SLK tó dé ní 1996 ni ó sọ ọ́ di àṣà káàkiri ayé, nítorí ó ń ṣí ó sì ń padé ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 25, kò sì gbówó lórí bí èyí tí ọba nìkan lè rà. Peugeot, ọmọ onílé, padà sí ogún rẹ̀ pẹ̀lú 206 CC ní 2000, ó sì fi 307 CC tí ènìyàn mẹ́rin ń wọ̀ tẹ̀lé e ní 2003. Volkswagen gbé Eos jáde ní 2006. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló gbó lọ́wọ́ Òyìnbó tí wọ́n wá di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba kò ti fẹ́ kí mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté ni kí ó gbà. Èbúté náà ni tiwa gbà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan.

Mo rí i pé ìṣòro ẹni tó ń ya àwòrán irú ọkọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ti ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ki ẹní sínú àpótí. Òrùlé gùn, búùtù kúrú. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ènìyàn méjì, òrùlé rẹ̀ kúrú, a lè ṣẹ́ ẹ sí méjì kí ó wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti ènìyàn mẹ́rin, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí a ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí Eos tí òrùlé rẹ̀ pín sí márùn-ún. Ìkejì ni kí a na gíláàsì iwájú sẹ́yìn kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wá bo orí awakọ̀, kí òrùlé fúnra rẹ̀ lè kúrú. Nítorí náà ni iwájú irú àwọn Peugeot yẹn fi dagun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn irú mọ́tò wọ̀nyí á rí i pé ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé òrùlé ni.

Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti agbára. Ẹ mú páálí bàtà kan, ẹ dé e, kí ẹ gbìyànjú láti lọ́ ọ. Kò ní gbà. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún lọ́ ọ. Bí ewé ni yóò rí lọ́wọ́ yín. Òrùlé mọ́tò kì í ṣe fún òjò nìkan, òun ló di gbogbo ara ọkọ̀ mú. Bí a bá mú un kúrò, àfi kí a fi irin kún ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kí a fi kún òpó gíláàsì iwájú nítorí bí ọkọ̀ bá dojú dé. Irin ń gorí irin. Ọkọ̀ á wúwo, á máa mu epo, á máa jẹ táyà. Mo fi páálí yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ ju ìṣirò tí mo fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Sátidé náà.

Ọmọ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ń ṣe ìyàwó. Nítorí èmi ni wọ́n fi gba ọkọ̀ náà, nítorí èmi náà ni ẹ̀gbọ́n mi fi dín owó háyà rẹ̀ kù. Ní àárọ̀, oòrùn ràn, a ṣí òrùlé sílẹ̀, ó wọ búùtù lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ṣí búùtù, wọ́n ki àwọn abọ́ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ pín fún àlejò sábẹ́ òrùlé tó ká síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kò dára. Ta ni ì bá sọ fún wọn? Èmi?

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Ọjà Igbó. Awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, ìdérí búùtù dìde, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, awakọ̀ kò ní sùúrù, ó sún síwájú díẹ̀, táyà sì bọ́ sínú kòtò. Ibẹ̀ ni ohun gbogbo ti dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn ún. Ọkọ̀ kò lè lọ torí ìdérí búùtù wà lókè, awakọ̀ kò rí ẹ̀yìn, òrùlé sì ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ lórí wọn. Àwọn alábàárù ọjà, kí Ọlọ́run bù kún wọn, ló fi ọwọ́ gbé e padà díẹ̀díẹ̀. Tapólì tí àwọn aláṣọ fi ń bo ìsọ̀ wọn la fi bo ìyókù. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ gbà dé ibi àpèjẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi dá owó háyà padà, wọ́n sì ra gèlè tuntun fún ìyàwó pẹ̀lú. Wọn kò bá mi wí. Ó sàn kí wọ́n bá mi wí.

Ìyà gidi wá bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì kìn-ín-ní ní bátìrì ni. A ra bátìrì. Ìkejì ní pọ́ǹpù ni. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ìyẹn sì dára: ó ní ẹ̀rọ òde òní kò dà bí ti Ford àtijọ́ tó ń lo ẹ̀rọ méje, pé pọ́ǹpù kan ló ń ti ọ́ìlì gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, ọ́ìlì náà ló sì ń na irin tó ń gbé òrùlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé ẹ̀yìn típà sókè. Ó tú u, ó tò ó, kò yí padà. Ìkẹta ní bréènì bọ́ọ̀sì ti jóná, ó sì pe iye tó mú kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀. Iye yẹn ju ìdajì owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ lọ.

Ọmọkùnrin rẹwáyà kan ló gbà wá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò tú nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwé ọkọ̀ yìí wà?" Ó wà nínú àpótí iwájú láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé. Èmi tí mo ń nà ọmọ tí kò bá mú ìwé wá, n kò ṣí i rí. Ó kà á, ó wọ inú búùtù, ó sì fi ohun kan hàn mí: aṣọ kan tó nà bí kọ́tìnnì, tó pààlà láàárín ibi tí òrùlé ń sùn sí àti ibi tí a ń gbé ẹrù sí. Ìkọ́ méjì ló dì í mú. Súìṣì kékeré kan tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ wà níbẹ̀. Bí aṣọ yẹn kò bá sí níkọ̀ọ́ rẹ̀, súìṣì á sọ fún ọkọ̀ pé ẹrù wà lọ́nà, pé bí òrùlé bá sọ̀kalẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ á fọ́. Nígbà náà, kò sí bí a ṣe lè tẹ bọ́tìnnì tó. Abọ́ rọ́bà àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló ti tì í, kòtò Ọjà Igbó ló sì já a. Ọmọ náà fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e padà síbẹ̀. Òrùlé ṣí, ó padé.

Mo béèrè iye tí a ó san. Ó ní kí n fún òun ní owó oúnjẹ.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, mi ò bá máa yangàn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé, eruku pupa wa yìí sì wọ inú ihò tóóró tí òjò yẹ kó máa gbà ṣàn jáde lábẹ́ òrùlé náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́n ọn kúrò. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, omi kò rí ọ̀nà lọ, ó lọ dúró sí ìsàlẹ̀ búùtù, ibi tí pọ́ǹpù wà gan-an. Rọ́bà tó yí etí òrùlé ká náà ti gan nínú oòrùn, ó ń sán. Pọ́ǹpù jóná ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mẹkáníìkì kejì ti di wòlíì. A rí ògbólógbòó kan rà ní Èkó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ kí ó tó gbé òrùlé.

Mo gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe é gan-an ti ń rẹ̀. Peugeot àti Volkswagen ti fi tiwọn sílẹ̀ nígbà tí 2015 fi parí. BMW tó fi irin sórí Z4 ní 2009 padà sí aṣọ ní 2018, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ ìpele 4 rẹ̀ ní 2020, wọ́n sì ní òrùlé aṣọ náà fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti irin lọ. Mercedes SL tó ti ń lo irin láti 2001 gba aṣọ padà ní 2021, ìwúwo kìlógíráàmù 21 ló sì bọ́ lára rẹ̀. Aṣọ òde òní kì í ṣe ti àtijọ́, ìpele mélòó kan ni wọ́n ń tò pọ̀, kò jẹ́ kí ariwo wọlé. Àwọn kan ṣì wà lórí irin o: Mazda gbé MX-5 RF jáde ní 2016, ìṣẹ́jú àáyá 13 ló fi ń ká. Ọ̀rọ̀ ọmọdé olówó ni ìyẹn, kì í ṣe ti aláṣọ Ọjà Igbó.

Èmi kò kórìíra òrùlé náà. Bí mo bá wò ó tó dìde, tó ṣẹ́, tó sùn bí ahun tó fa orí wọlé, inú mi ṣì máa ń dùn, mo sì máa ń rántí oníṣègùn eyín yẹn. Ohun tí ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi owó ọdún púpọ̀ ra. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà kí a tà á. Ìsọ̀ wọn ti dín ní àkójọ, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀ á rí i, pẹpẹ léèsì tó máa ń kún dé àjà ti ṣófo ní apá kan.

Ní Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Ìlọrin láti wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé, "Àkànní, wá ṣí i fún wọn, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Mo yẹ kọ́tìnnì búùtù wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ojú ọ̀run. Mo tẹ bọ́tìnnì. Pọ́ǹpù ké, òrùlé dìde, ó ká, ó wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó jáde, ó dé gẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Tíṣà, ṣé nǹkan tó dára ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìkọ́, ihò omi, rọ́bà tó sán, pọ́ǹpù Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, wọn kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú owó. A ti fi tapólì bò ó títí di ìgbà náà.